Ṣé Èdè ni Kólàm?

Kò síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwòrán tí àwọn obìnrin Íńdíà ń yà sílẹ̀ ẹnu ọ̀nà, tí ẹnì kan kò ní sọ pé èdè ni. Àwọn oníwèé ìròyìn ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta ìwé àwòrán ń sọ ọ́, àwọn onímọ̀ ìṣirò náà ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kò bá ti àwọn tó kù mu. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní síńtáàsì mọ̀ pé mi ò kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní aṣọ ń sọ̀rọ̀, irun dídì ń sọ̀rọ̀, ilà ojú ń sọ̀rọ̀. (Ti ìlù dùndún ṣì ṣeé gbà, nítorí ohùn èdè Yorùbá gan-an ló ń gbé jáde.) Bí gbogbo nǹkan bá ti wá di èdè, kí la fẹ́ máa pe èdè fúnra rẹ̀?

Mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lára kólàm, èyí tí àwọn obìnrin Tamil ní gúúsù Íńdíà ń yà, àti lára ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé mélòó kan ti kọ nípa rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí rí nǹkan gidi, mi ò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n tẹjú mọ́ kọ́ ni èmi rò pé ọ̀rọ̀ wà.

Orúkọ pọ̀ fún iṣẹ́ yìí káàkiri Íńdíà. Ní Maharashtra àti Gujarat, rangoli ni, àwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n sì ń lò fún un, pàápàá nígbà ọdún Diwali. Muggu ni ti Andhra, alpana ni ti Bengal, mandana ni ti Rajasthan. Ní Kerala, òdòdó ni wọ́n ń tò sílẹ̀ nígbà ọdún Onam. Rangoli ti inú èdè Sanskrit wá, níbi tí raṅga ti jẹ́ àwọ̀, tí āvalī sì jẹ́ ọ̀wọ́ nǹkan tó tò tẹ̀lé ara wọn. Alpana wá láti inú ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ fífi nǹkan rẹ́ ilẹ̀ tàbí ògiri, bí àwọn ìyá wa ti ń rẹ́ ilé. Kólàm ti Tamil kò sọ̀rọ̀ àwọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ rírẹ́. Ẹwà ni, ìrísí ni, ó sì tún jẹ́ ìmúra tí èèyàn fi ń yí ara padà. Ẹni tó bá ń pe gbogbo wọn ní rangoli dà bí àlejò tó pe iyán, àmàlà àti ẹ̀bà ní fùfú. Ó lè yó, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó jẹ.

Ti kólàm, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Obìnrin á jí ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Á gbá iwájú ilé, á bu omi tí wọ́n po ìgbẹ́ màlúù mọ́ wọ́n ilẹ̀, kí ilẹ̀ lè mọ́, kí eruku sì jókòó. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìbàdí, láìkúnlẹ̀, láìjókòó. Á bu ìyẹ̀fun ìrẹsì sọ́wọ́, á sì máa jẹ́ kó já bọ́ díẹ̀díẹ̀ láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ìka rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, ìyẹ̀fun nìkan ló ń balẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni àwọn àmì kéékèèké tótòtó tí wọ́n ń pè ní pulli, á tò wọ́n ní ìbú àti ní ìdúró. Ìgbà tí pulli bá pé ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀. Nínú irú kan, ìlà ń so pulli mọ́ pulli. Nínú irú kejì, tí wọ́n ń pè ní sikku kólàm tàbí kambi kólàm, ìlà kò gbọdọ̀ fara kan pulli kankan: ó ń gba àárín wọn kọjá, ó ń yí wọn ká, títí yóò fi padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Sikku túmọ̀ sí okùn tó ta kókó. Orúkọ náà bá a mu.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹsẹ̀ èèyàn, táyà ọ̀kadà, èèrà àti ẹyẹ á ti pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn. Ní oṣù Margazhi, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù Kejìlá tó sì ń parí láàrin oṣù Kìn-ín-ní, kólàm máa ń tóbi gan-an, wọ́n á sì ti òdòdó elégédé bọ inú ìgbẹ́ màlúù róbótó kan, wọ́n á gbé e sáàrin rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé.

Àwọn tó fún ọ̀rọ̀ "èdè" yìí ní ìtumọ̀ tó ṣeé dán wò ni àwọn mẹ́ta kan ní Madras, ìlú tó ń jẹ́ Chennai báyìí: Gift Siromoney, ìyàwó rẹ̀ Rani Siromoney, àti Kamala Krithivasan. Madras Christian College ni tọkọtaya náà ti ń kọ́ni. Ní 1974, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí wọ́n pè ní "Array Grammars and Kolam". Ẹ rántí ohun tí Chomsky kọ́ wa láti 1957: òfin díẹ̀, gbólóhùn àìlóǹkà. Òfin ń tún ara rẹ̀ lò, ohun tó sì ń jáde kò lópin. Ṣùgbọ́n gbólóhùn Chomsky wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ìbéèrè àwọn ará Madras ni pé: bí ohun tí òfin ń pèsè bá ní ìbú tó sì ní ìdúró ńkọ́? Irú gírámà wo ló lè ṣe ìyẹn? Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn aládùúgbò wọn ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi dán an wò. Èyí wù mí gan-an. Àwọn onímọ̀ tó wà láàrin ìlú wọn, tí wọ́n wo ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe láràárọ̀, tí wọ́n sì rí i pé ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ tó ohun tí wọ́n lè kọ́ ayé.

Àbùkù tí mo rí nínú gírámà àkọ́kọ́ yẹn ni pé bí ẹní tí wọ́n hun ló ṣe rí. Ó ń pèsè àwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹyọ ẹyọ tí wọ́n tò sínú àpótí onígun mẹ́rin, bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń to táìsì. Àwòrán tó jáde tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn kò to táìsì. Ìlà ló ń fà, ìlà náà sì ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń lọ. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, àwọn fúnra wọn rí i. Nígbà tí wọ́n padà sórí kambi kólàm ní àwọn ọdún 1980, ìrìn ìlà ni wọ́n fi ṣe òfin: lọ síwájú, yà sí ọ̀tún, yà sí òsì, ká a yípo. Gírámà wá ń tẹ̀lé ọwọ́. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà ti fi òfin tí Lindenmayer kọ́kọ́ ṣe fún bí ewéko ṣe ń dàgbà ya kólàm kan tí wọ́n ń pè ní ṣaworo ẹsẹ̀ Krishna. Òfin tó ń mú ẹ̀ka yọ lára igi náà ló ń mú ìlà yí pulli ká. Mo ti máa ń fi àpẹẹrẹ yìí dẹ́rù ba àwọn tó rò pé síńtáàsì kò kọjá ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe.

Ẹ mú bírò àti ìwé, kó má di pé mò ń ròyìn nìkan. Ẹ to pulli mẹ́ta ní ìdúró, mẹ́rin ní ìbú. Ẹ wá fa ìlà kọjá láàrin pulli kan àti èkejì ní ìdágẹ̀rẹ́. Ìgbàkigbà tí ẹ bá dé etí, ẹ ṣẹ́rí padà, kí ìlà máa gba gbogbo àárín tó wà láàrin pulli méjì tó bá fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ẹ ó rí i pé ìlà kan ṣoṣo ló yí gbogbo pulli méjìlá ká, láìgbé ọwọ́ sókè. Ẹ wá sọ ọ́ di mẹ́ta ní ìdúró, mẹ́ta ní ìbú. Ìlà kan kò ní tó mọ́, mẹ́ta ni ẹ ó nílò. Mẹ́rin sí mẹ́rin, ìlà mẹ́rin. Mẹ́rin sí márùn-ún, ìlà kan. Mẹ́rin sí mẹ́fà, méjì. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tó lè pín ìbú àti ìdúró láìṣẹ́kù ni iye ìlà tí ẹ ó lò. Kò sí ìyá àgbà kan ní Tamil Nadu tó ń ṣe ìṣirò yẹn lórí ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì ka òfin ìsúnkì kó tó sọ pé "ra aṣọ" di "raṣọ". Ibi tí mo gbà pé kólàm ti jọ èdè gan-an nìyẹn: ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹni náà kò lè kà sílẹ̀.

Àmọ́ ìjọra yẹn náà ló jẹ́ kí n rí ìyàtọ̀. Ní Angola, àwọn ọkùnrin Chokwe ń ya ohun tí wọ́n ń pè ní sona sínú iyanrìn. Àmì tótòtó ni wọ́n ń fi ìka kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn náà ìlà tó ń yí wọn ká. Paulus Gerdes, tó kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò ní Mozambique fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ̀wé púpọ̀ lórí sona. Marcia Ascher, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ nípa sona kó tó wá kọ nípa kólàm nínú ìwé ìròyìn American Scientist ní 2002. Òfin ìlà tí mo sọ lókè yìí ṣiṣẹ́ ní Angola bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Chennai. Síńtáàsì kan náà! Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya sona ń pa ìtàn bí ó ti ń yà á, àwọn ọ̀dọ́ jókòó tì í, àmì yìí lè jẹ́ ẹranko, ìlà yẹn lè jẹ́ ọ̀nà tó gbà sá. Àwòrán yẹn ní ìtàn tó so mọ́ ọn. Ẹ tún wo ti ilé wa. Babaláwo tẹ Odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì pa á rẹ́. Ẹni tó bá wo ìyẹ̀fun àti ìka nìkan á ní ọmọ ìyá kan náà ni òun àti kólàm. Ó tì o. Odù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó ní ẹsẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n á wò ó, ẹnu rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Kólàm kò ní ẹsẹ. Ẹ bi obìnrin Tamil pé kí ni sikku kólàm onípulli méje tó yà lónìí ń wí, bó bá ṣe é jẹ́jẹ́, á rẹ́rìn-ín sí yín. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á já mi nírọ́ pé àwọn kólàm kan ní orúkọ: òdòdó lotus inú ọkàn ń bẹ, kólàm kẹ̀kẹ́ òrìṣà ń bẹ, àwọn kan sì wà tí wọ́n ní ọjọ́ tiwọn láàrin ọ̀sẹ̀ nínú yàrá àdúrà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ ṣe ìtumọ̀. Adìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tó ń jẹ́ Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngán Mápó wà nínú àwòrán rẹ̀; ìyẹn kò sọ pé ẹni tó ró o ń sọ gbólóhùn kan nípa Mápó. Orúkọ ń ràn wá lọ́wọ́ láti rántí nǹkan, láti rà á, láti kọ́ ọmọ.

Nítorí náà, gírámà wà nínú kólàm, ìtumọ̀ kò sí nínú àwòrán rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń parí ọ̀rọ̀ sí, tí inú wọn á dùn. Inú tèmi kò dùn, torí pé ó hàn gbangba pé nǹkan kan ń lọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ju iṣẹ́ ọwọ́ lásán lọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ ojoojúmọ́? Kí ló dé tó jẹ́ ìdájí?

Ìwé tó gbìyànjú jù láti dáhùn ni ti Vijaya Nagarajan, Feeding a Thousand Souls, tí Oxford University Press tẹ̀ jáde. Orúkọ ìwé náà sọ ohun tó gbà gbọ́. Ojúṣe onílé nínú ẹ̀sìn Híńdù ni kó máa bọ́ ẹgbẹ̀rún ẹ̀mí lójúmọ́, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí obìnrin dà sílẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ fún èèrà, fún kòkòrò, fún ẹyẹ. Kólàm tún jẹ́ ìkésíni sí òrìṣà Lakshmi, tó ni ọrọ̀ àti ire, kó yà wọlé, kí ìbù-rere arábìnrin rẹ̀ tó ni òṣì sì kọjá lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwé yìí ni pé Nagarajan jókòó ti àwọn obìnrin náà, ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí mo ti ka onírúurú òfin àti àpótí onígun mẹ́rin, mo tún gbọ́ ohùn èèyàn.

Ṣùgbọ́n mo ní àríyànjiyàn pẹ̀lú orúkọ ìwé náà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń lò lóde òní kì í ṣe ìrẹsì mọ́. Lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun ni, ó rọrùn láti fà, ó funfun ju ìrẹsì lọ, wọ́n ń tà á nínú ọ̀rá. Èèrà kò jẹ òkúta. Bó bá jẹ́ pé oore yẹn ni ọkàn kólàm, ó yẹ kí kólàm ti kú lọ́jọ́ tí obìnrin àkọ́kọ́ ra lẹ́búlẹ́bú òkúta. Kò kú. Obìnrin tó fi òkúta yà á kò rò pé òun ti ṣe ayédèrú, aládùúgbò rẹ̀ náà kò rò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, oore sí èèrà jẹ́ ohun rere tó wà nínú rẹ̀, ó sì dára kí a máa sọ ọ́, àmọ́ òun kọ́ ni òpómúléró.

Ibi tí èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí kò sí kólàm. Bí èèyàn bá kú nínú ilé, wọn kì í ya kólàm sí ẹnu ọ̀nà ilé yẹn. Ilẹ̀ á wà lófìfo. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù rẹ̀ kì í yà á, ẹlòmíràn nínú ilé ló ń bá a yà á. Ẹni tó ń kọjá lọ ní òwúrọ̀ kò nílò láti bèèrè: ilé tí wọ́n gbá, tí wọ́n wọ́n omi sí, tí wọ́n ya kólàm sí, àlàáfíà ni wọ́n jí, ẹ lè yà. Ilé tí kò sí, ẹ rọra. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fi amọ̀ pupa yí etí kólàm ká, ẹ mọ̀ pé ayẹyẹ ń bẹ nínú ilé yẹn, bóyá ìgbéyàwó, bóyá ọdún.

Ẹ rántí kíláàsì ọdún kejì. Mo kọ "Olú lọ" sójú pátákó, mo kọ "Olú ń lọ" sábẹ́ rẹ̀, mo sì bi yín pé kí ló sọ fún yín pé Olú àkọ́kọ́ ti lọ, nígbà tí kò sí ohunkóhun nínú gbólóhùn náà tó sọ ọ́. Àìsí "ń" ni. Òfìfo náà jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n ó jẹ́ àmì kìkì nítorí pé "ń" wà níbòmíràn. Bí èdè Yorùbá bá fi "ń" sí gbogbo gbólóhùn láìyọ ìkankan sílẹ̀, "ń" kò ní túmọ̀ sí nǹkan kan mọ́. Kólàm ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tó yà ló ń sọ̀rọ̀, yíyà tó yà á lónìí ni, nítorí ó ṣeé ṣe kó má yà á.

Àwọn baba wa mọ irú nǹkan yìí dáadáa, àrokò ni. Àmọ́ oríṣi àrokò méjì ló wà, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹyọ owó mẹ́fà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ ń sọ pé ọkàn mi ń fà sí ọ, torí pé ẹfà àti fà jọ ara wọn létí. Ìyẹn rọ̀ mọ́ èdè. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ ọ́n, kódà kó ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Màrìwò tí wọ́n so mọ́ ẹnu igbó òrìṣà yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe ya ọ̀pẹ kò sọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó ń ka iye ewé rẹ̀. Pé ó wà níbẹ̀ ló sọ pé ẹ dúró. Ẹbí màrìwò ni kólàm, kì í ṣe ẹbí ẹyọ owó mẹ́fà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé màrìwò ní kí ẹ dúró, kólàm sì ní kí ẹ wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chennai ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, 2019. Ilé aṣòfin Íńdíà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òfin ọmọ onílùú jáde nínú oṣù yẹn, àwọn tó lòdì sí i sì rí i pé ó ya àwọn Mùsùlùmí sẹ́yìn. Ní àdúgbò Besant Nagar, àwọn obìnrin kan ya kólàm sílẹ̀ ojú pópó, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn pé àwọn kò fẹ́ òfin náà. Ọlọ́pàá kó wọn. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà, ṣùgbọ́n kólàm ti gbilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, irú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé M. K. Stalin, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú DMK, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilé mìíràn. Oṣù Margazhi ni, oṣù kólàm ńlá.

Àwọn kan kọ̀wé nígbà náà pé kólàm ti di ohùn àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ohun tó sọ pé a kò fẹ́ òfin ni lẹ́tà tí wọ́n kọ. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà yẹn sórí páálí kí wọ́n gbé e lọ́wọ́, á túmọ̀ sí ohun kan náà, àwọn ọlọ́pàá á sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí páálí. Ohun tí kólàm fi kún un ni ẹnu ọ̀nà. Ó fi àtakò síbi tí onílé ti ń sọ láràárọ̀ pé àlàáfíà ni a wà, ẹ wọlé. Òfin kan tó ń bèèrè ta ni ọmọ onílé àti ta ni àlejò, wọ́n dá a lóhùn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kí àlejò káàbọ̀. Ta ni yóò mú obìnrin nítorí pé ó ya kólàm síwájú ilé ara rẹ̀? Lẹ́tà náà ni èdè. Àrokò abẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kó nira láti pa á lẹ́nu mọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ sítíkà fi ń dùn mí ju ti lẹ́búlẹ́bú òkúta lọ. Ọjà ti kún fún kólàm tí wọ́n tẹ̀ sórí rọ́bà, tí èèyàn kàn ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ike onihò wà tí wọ́n ń da lẹ́búlẹ́bú sí, ọ̀pá oníhò náà wà tí wọ́n ń yí gbirigbiri, ó ń fi àwòrán sílẹ̀ bó ti ń lọ. Mi ò ní í bá ẹni tó ń lo ike tàbí ọ̀pá jà. Ẹ̀yìn ń dunni, iṣẹ́ ń dúró deni, pápá ìdájí kò dọ́gba fún obìnrin tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́fà. Ẹni tó fi ike ṣe é lónìí ṣì jí, ó ṣì gbálẹ̀, ó ṣì lè má ṣe é lọ́la. Àmì náà ṣì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sínú ike. Àdánù ni fún àwa tí a fẹ́ràn síńtáàsì, ẹkún tiwa nìyẹn. Ṣùgbọ́n sítíkà yàtọ̀. Ó wà níbẹ̀ lánàá, ó wà níbẹ̀ lónìí, bí onílé jí ire o, bí kò jí ire o. "Ń" tó wà nínú gbogbo gbólóhùn ni.

Ìdíje kólàm kò dà mí láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ní Mylapore ní Chennai, lójú pópó North Mada tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ḿpìlì Kapaleeshwarar, ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn máa ń jókòó yà á nígbà àjọ̀dún oṣù Kìn-ín-ní, àwọn adájọ́ á máa káàkiri. Wọ́n ń ṣe ìdájọ́ gírámà níbẹ̀: ṣé ìlà padà sílé, ṣé pulli dọ́gba, ṣé ọwọ́ gbọ̀n. Kò burú. Ó dà bí ìdíje àkàgbádùn láàrin àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ewì níbẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹkún ìyàwó gidi ni ọmọ yẹn ń sun.

Ohun tí mo ṣì ń rò ni ti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú ńlá, ìyáàfin kọ́ ló ń ya kólàm mọ́. Obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ló ń dé ní òwúrọ̀, tó ń gbálẹ̀, tó ń yà á kó tó wọlé fọ abọ́. Lójú ẹni tó ń kọjá, àmì náà pé: ilé yìí jí ire. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ kò sùn nínú ilé náà. Ó lè jẹ́ pé ṣàṣà ni ọjọ́ tó ráyè ya ti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ kó tó sáré wá ya ti onílé. Irú ẹni wo la máa ń pè nínú ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde, tí kì í ṣe òun ló ni ọ̀rọ̀? A ní alárinà, a ní ayàwòrán, a ní akéwì ààfin. Nínú ohun tí mo ti kà, mi ò tíì rí ẹni tó fi ìbéèrè yìí ṣe orí ọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan ṣe é.

Ẹni tó bá ń gbé Chennai tàbí Madurai nínú yín, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo nǹkan kan. Bí ikú bá wọ ilé kan tí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe sí i? Ṣé wọ́n ń fi aṣọ bò ó ni, ṣé wọ́n ń họ ọ́ kúrò, àbí wọ́n kàn ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sì sọ àdúgbò tí ẹ ti rí i.